Ìlà Kan Tó Kù fún Ohùn Mi

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa tí a kì í ṣe olówó, èmi ni mo máa ń lé orin nínú kuáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ketu. Ohùn òkè ni mo ń kọ. Bí ọ̀gá akọrin bá ti na ọwọ́ sí mi, màá dìde, màá lé e, gbogbo ìjọ á sì gbè é títí àwọn àgbàlagbà á fi máa ju áńkáṣíìfù sókè. Lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń pẹ́ kí n tó dé ìdí mọ́tò wa, torí àwọn tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíì ni wọ́n ń ṣe, èmi sì gba gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Ọkọ mi ló gbà á gbọ́ jù. Bí àlejò bá wá kí wa nílé ní Ìkòsì, tí wọ́n jẹun tán, á kọjú sí mi, á ní, "Mummy, kọ ọ̀kan fún wọn." Màá ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, lẹ́yìn náà màá kọ ọ́.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Ó ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, iṣẹ́ ló ń wá. Ìdílé Mùsùlùmí la ti wá. Ọkọ ni mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi sì ń bá mi lọ nígbà tó ti di ará ilé mi. Ìyá wa, tó ń ta alùbọ́sà ní àpò àpò ní Mile 12, kò bá wa jà sí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé kò sí èyí tí òun bínú sí nínú ká kírun àti ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àfi ká jókòó sílé ká má ṣe ọ̀kankan. Àbúrò mi wọ kuáyà, ibi tí àyè wà ni wọ́n sì fi í sí, láàrin àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè kọ ohùn òkè. Òun náà kò sọ.

Ọdún kan wá tí ìjọ fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí kuáyà ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Inú wa dùn débi pé ìgbìmọ̀ ti lọ tẹ páálí rẹ̀ kí a tó gba orin kan ṣoṣo sílẹ̀. Àwòrán mi ló wà níwájú páálí náà, nínú aṣọ kuáyà, mo gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo ibi tí òrùlé ti ń jò.

Alápẹ̀rẹ̀ la ti lọ gba ohùn sílẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Wọ́n ti fi kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù bo ara ògiri, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, kí ariwo mọ́tò má bàa wọlé. Ẹnjiníà tó ni ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò dà bí rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀. Téèpù fídíò ni téèpù rẹ̀ jọ, ó sì ní téèpù tuntun kò lè gba ohùn kankan àfi tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ la ojú rẹ̀ sí ìlà, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè kó tó gbin iṣu. Fọ́máàtì ni wọ́n ń pè é. Bí téèpù bá ṣe gùn tó ni fọ́máàtì náà á ṣe pẹ́ tó, kò sì sí bí a ṣe lè kán an lójú. Ìlà mẹ́jọ ló wà lójú téèpù kan. Ohùn kan tàbí ohun èlò kan lè dá wà lórí ìlà tirẹ̀, tí èèyàn bá sì fẹ́, ó lè pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́ kó máa gbọ́ ẹyọ kan.

Fọ́máàtì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí iná lọ. Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó gòkè padà, ó yí téèpù náà sẹ́yìn, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọ̀gá akọrin wa, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bi í bóyá kò lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Ó ní ó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun kò ní fọkàn tán an, pé ibi tí wọ́n so pọ̀ yẹn lè já nígbà tí orin bá ń dùn lọ́wọ́. A wá jáde sí báńkónì, a ń jẹ bọ́ǹsì, a ń mu mínírà. Kí a má bàa kàn jókòó lásán, a ń dán orin wò. Mo lé e, àwọn obìnrin tó ń sá aṣọ nísàlẹ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ mi bá wa pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ibi iṣẹ́. Ó ti sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá wo bí ìyàwó òun ṣe ń kọrin.

Nígbà tí téèpù wá ṣetán, ohun èlò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà: àwọn ìlù gba ìlà mẹ́ta, gìtá gba ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù gba ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo kuáyà wọlé lọ kọ ègbè, ìyẹn gba méjì. Nígbà tí wọ́n parí, ìlà kan ṣoṣo ló kù. Ẹnjiníà na ìka sí i, ó ní tèmi nìyẹn.

Yàrá kékeré kan tí gíláàsì pín kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù ni mo wọ̀. Mo fi héèdìfóònù bo etí, mo gbọ́ tí ìlù bẹ̀rẹ̀, mo sì kọrin. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè níbi tó ga jù, bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo jáde, mo lọ jókòó ti ọkọ mi, mo ń nu òógùn, mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

Ẹnjiníà fi í sí i. Orin náà ń lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú rẹ̀ kò bára mu. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, ló bá pa àwọn ìlà yòókù lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku tèmi nìkan.

N kò tíì gbọ́ ohùn mi bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ìlù lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìjọ tó ń gbè é, kò sí ẹ̀rọ agbóhùnjáde tó ń lù kì kì kì. Ó jáde ní ìhòòhò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin kọ̀ọ̀kan, ó le kankan bí igi gbígbẹ. Bó bá máa parí, á wálẹ̀ kúrò lórí ohùn tó yẹ kó wà. Níbi tó ga jù, níbi tí mo ti gbé ọwọ́ sókè, kò débẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí èso tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. A sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí hẹlẹ-hẹlẹ láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Yàrá náà kéré, kuáyà wà níbẹ̀, ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀rọ náà kò dáa, pé iná tó lọ ló bà á jẹ́. Ẹnjiníà kò bá mi jiyàn. Ó ṣí ìlà ègbè nìkan fún wa gbọ́: ó dán mọ́rán. Ó ṣí ti kíbọ́ọ̀dù: ó dáa. Lẹ́yìn náà ló fi sùúrù sọ fún mi pé kí n má bínú, kí a tún un kọ.

A tún un kọ. Nígbà tí kò sunwọ̀n sí i, ó ní kí a máa mú un ní díẹ̀díẹ̀. Á dá téèpù padà sẹ́yìn, á jẹ́ kó máa bọ̀, bó bá dé ibi tí mo ti ṣì í, iná pupa á tàn, èmi á bọ́ sí i, bó bá kọjá ibẹ̀, á pa iná náà. Ọ̀rọ̀ orin kan ṣoṣo, a ń gbá a mú, ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń sapá tó ni ọ̀nà ọ̀fun mi ń dí tó. Láti inú gíláàsì ni mo ti ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní òun ń lọ gba fóònù níta, n kò sì rí i kó padà. Àwọn obìnrin inú kuáyà ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi mú páálí téèpù kan, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó tún yí i, ó tún ń kà á.

Ọ̀gá akọrin ló ní kí àbúrò mi wọlé wá tì mí, kó máa fún mi ní ohùn kí n lè mú un. Ó wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú máìkì, kò wo ojú mi. Ó kọ ìlà orin àkọ́kọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kọrin fún ọmọ tó fẹ́ sùn. Mo rí i tí ẹnjiníà gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ ta sókè nínú héèdìfóònù mi débi pé àwa méjèèjì gbọ́ ọ, ó ní kí ọmọbìnrin yẹn jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ délẹ̀. Àbúrò mi wò mí. Mo mi orí sí i pé kó kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ délẹ̀. Héèdìfóònù ṣì wà ní etí mi. Ohùn mi ni mo gbọ́, ìyẹn ohùn mi bí mo ṣe máa ń rò pé ó rí. Ìyá kan náà ló bí wa; bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ jọra, bí a ṣe ń fa ìparí rẹ̀ jọra. Nǹkan tó yàtọ̀ kò ju pé tirẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Ẹnjiníà wá dìde, ó ṣílẹ̀kùn yàrá gíláàsì náà fúnra rẹ̀, ó sì rọra bá mi sọ̀rọ̀.

"Mummy, ìlà kan péré ló kù lórí téèpù yìí, tiyín ló sì wà lórí rẹ̀. Bí mo bá gba ti ọmọbìnrin yìí síbẹ̀, tiyín á pa rẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ohun tí màá ṣe."

Mo wo ọ̀gá akọrin, ó yí ojú rẹ̀ sí ara kápẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri. Mo wo ọkọ mi, páálí téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ti di etí aṣọ mi mú. Ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Aunty mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo ní, "Ẹ pa á rẹ́."

Mo bọ́ héèdìfóònù, mo fi í sí àbúrò mi lórí, mo jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo jókòó sí nígbà tó ń kọrin. Àwọn iná kéékèèké kan wà lójú rẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ohùn bá ṣe ń wọlé, òòkan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ti ìlà tó jẹ́ tèmi. Bí iná náà ṣe ń gòkè ni mo mọ̀ pé ohùn mi ń kúrò níbẹ̀. Kò tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà sí Ìkòsì, ọkọ mi ní orin náà dùn, ó ní ẹ̀rọ náà dára, ó wá ń sọ nípa bí mọ́tò ṣe tò sí ìlà fún epo ní Ojota. Àbúrò mi wà lẹ́yìn, kò dá sí i. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣàánú mi ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bú mi, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa pa rọ́rọ́. Àbúrò mi, tó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́, kò kọ ọ́ mọ́. Bí mo bá yọ sí i lójijì, tó ń kùn díẹ̀ lẹ́nu, á dákẹ́. Ojú mi ń tì í, ojú tirẹ̀ ń tì mí. Àlejò wá kí wa ní ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n jẹun tán, mo rí i tí ọkọ mi la ẹnu, mo rí i tó pa á dé, ló bá ní kí wọ́n jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún sí ara aṣọ ìnuwọ́.

Páálí ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó dábàá pé ká tún un tẹ̀. Báyìí ni kásẹ́ẹ̀tì ṣe jáde pẹ̀lú àwòrán mi lára. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí i ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Ketu. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ojota, ọ̀gá mi pè mí, ó ní òun kò mọ̀ pé irú ohùn báyìí wà lára mi. Mo ní àbúrò mi ló kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ dára. Mo tún sọ ọ́, ó ní, "Madam, ẹ gba ìyìn yín." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn ni wọ́n ń yìn mí sí i, títí ó fi rẹ̀ mí.

Mo lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ kan láti kí ìyá mi. Kí n tó dé ìdí àpò alùbọ́sà rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ orin náà. Ó ti ra rédíò kékeré kan, ó gbé e ka orí àga. Òun tó fi ìborùn bo orí, tí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fi sí i fún gbogbo ọjà gbọ́. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí mi, wọ́n ń pè mí ní olóhùn iyọ̀, wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ fún wọn. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Màámi dúró títí oníbàárà rẹ̀ fi gbé àpò lọ, ó wá dín rédíò kù.

"Ohùn àbúrò rẹ nìyẹn," ló wí.

N kò lè gbójú sókè. Mo bi í ìgbà tó ti mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ta ló fẹ́ sọ fún òun èwo nínú ọmọ òun ló ń ké. Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, títí dórí ìgbà tí mo ní kí wọ́n pa tèmi rẹ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ fún àwọn ará ọjà.

"Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló ń kọrin. Irọ́ wo ni mo pa?" Ó mú alùbọ́sà kan tó ti jẹrà, ó jù ú sí apá kan. "Èmi ni mo bí ohùn méjèèjì. Ẹni tó yẹ kó o lọ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí kò lè kọrin nílé rẹ mọ́."

N kò mọ̀ pé àbúrò mi ti wá bá a ṣáájú mi, tó ti sọ fún un pé òun kò lè kọrin nílé mi mọ́.

Mo délé, mo pe àbúrò mi sí yàrá. Ìgbìmọ̀ ti sọ pé lọ́jọ́ àjọ̀dún, kí n dìde kọ orin inú kásẹ́ẹ̀tì náà níwájú ìjọ. Mo sọ fún un pé òun ni yóò kọ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè gba ipò mi níwájú èèyàn, pé ojú á ti òun ju bó ṣe máa tì mí lọ. Mo ní bí kò bá kọ ọ́, èmi ni màá kọ ọ́, gbogbo ayé á sì wá gbọ́. Ibẹ̀ la ti sunkún tí a sì rẹ́rìn-ín pọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá akọrin fúnra mi. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó ní òun ti ń wá bí òun ṣe máa bá mi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, láàrin àwọn ohùn ìsàlẹ̀. Àbúrò mi lé orin, ìjọ gbè é, áńkáṣíìfù sì ń fò lókè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, pé gbogbo wọn á ti mọ̀. Nígbà tí a jáde, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn alàgbà dì mọ́ mi. Ó ní àbúrò mi gbìyànjú gan-an, pé ó kù díẹ̀ kó kọ ọ́ bíi tèmi.

Àbúrò mi lọ sílé ọkọ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, èmi kò sì kúrò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà rọlẹ̀, síídì gba ipò rẹ̀. Ìgbà tí mo rò pé kò sẹ́ni tó rántí mọ́ ni obìnrin kan dá mi dúró ní ibùdókọ̀ Ketu. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ru ọsàn. Ó bi mí pé ṣé èmi kọ́ ni mo wà lára kásẹ́ẹ̀tì báyìí báyìí. Kí n tó dáhùn, ó ti di ọwọ́ mi mú. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, kò sí ohun tó tu òun nínú bí kò ṣe ohùn náà, pé àràárọ̀ lòun máa ń fi í sí i kí òun tó lè dìde lórí ibùsùn. Omi ti wà lójú rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé èmi kọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á máa tù yín nínú."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ṣa ọsàn sínú báàgì mi, ó kọ̀ kí n sanwó. Mo délé, mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní obìnrin kan ní kí n kí i, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá mo sọ òótọ́ fún obìnrin náà. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ló jẹ ọsàn náà tán. N kò lè fi ẹnu kàn án.